Ìbéèrè Tí Dágunró Bèèrè Lẹ́ẹ̀mẹta

Ohun mẹ́rin ni gbogbo Kétu fi mọ Àmúsà Abọ́dúnrìn. Èkíní, òun ni ó ń kọ orúkọ àti òwe sára ọkọ̀ akẹ́rù fún àwọn awakọ̀ tí ń gba títì Ìkòròdú kọjá. Èkejì, ó jagun ní Bọ́mà, ìka mẹ́rin péré ni ó sì gbé padà wálé ní ọwọ́ òsì. Ẹ̀kẹta, kì í gbóhùn sókè sí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kẹrin ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e kúrò lórí ilẹ̀: ó máa ń fi àwòrán pa ìtàn.

Ní Bọ́mà ni ó ti kọ́kọ́ rí irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní ìwé pẹlẹbẹ kan tí wọ́n máa ń kà tí wọ́n sì máa ń sọ nù, àwòrán ni ó kún inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àmúsà a máa ṣà wọ́n jọ. Kò gbọ́ èdè inú wọn tán, ṣùgbọ́n ó rí i pé alágbára kan wà tí ń gba ayé là, ìkà kan sì wà tí ń fẹ́ ba ayé jẹ́, àti pé ẹnu ìkà náà ni ọ̀rọ̀ máa ń pọ̀ sí jù.

Ó wí fún mi nígbà kan pé, "Tíṣà, alágbára a kàn máa lu ènìyàn ni. Ìkà ni í ṣàlàyé."

Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rù ni.

Ní ọ̀sán gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí wọ́n bá ti kírun tán, Àmúsà a gbé páálí ńlá kan kọ́ sára ògiri ìsọ̀ rẹ̀, kí àwọn tí ń kọjá lè kà á. Yàrá mẹ́fà ni ó máa ń fi ìlà pín páálí náà sí, ohun kan a sì máa ṣẹlẹ̀ nínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Ibi roboto tí ó máa ń yà sí ẹ̀gbẹ́ orí ènìyàn láti kọ ọ̀rọ̀ onítọ̀hún sí, ó ń pè é ní èéfín ẹnu. Èmi ni mo ń bá a fi àmì sórí ọ̀rọ̀ inú èéfín wọ̀nyí, nítorí n kò lè fara da kí a gbé ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì kọ́ sí ojú títì, ní ibi tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mi ń gbà kọjá.

Ìtàn ọdẹ kan ni ó ń yà láti ọdún 1953. Akínṣọwọ́n ni orúkọ ọdẹ náà, òun ni ó ń ṣọ́ ìlú kan tí ó lọ́rọ̀ fún onílẹ̀ ibẹ̀. Ọ̀tá rẹ̀ ni Dágunró, ọkùnrin olójú kan tí ń dáná sun abà onílẹ̀. Àwọn awakọ̀ fẹ́ràn Akínṣọwọ́n. Wọn a máa dá ọkọ̀ dúró láti wo ẹni tí ó lù ní ọ̀sẹ̀ yẹn.

Kí n tó tẹ̀síwájú, ó yẹ kí n sọ bí ilẹ̀ tí Àmúsà ń gbé ti jẹ́. Kì í ṣe tirẹ̀. Ìdílé Bàbá Àyúbà ni ó fi í fún baba Àmúsà ní nǹkan bí ọdún 1912, kí ó kọ́lé sí i, kí ó sì máa dáko. Lọ́dọọdún, lẹ́yìn ìkórè, ọmọ a máa gbé ìṣákọ́lẹ̀ lọ gẹ́gẹ́ bí baba ti ń gbé e lọ: ogún iṣu, agbè epo kan, obì ogójì. Ohun mẹ́rin ni ẹni tí ó bá ń san ìṣákọ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣe:

Kò gbọdọ̀ gbin obì tàbí igi mìíràn tí í pẹ́ lórí ilẹ̀.
Kò gbọdọ̀ kọ ẹyìn orí ọ̀pẹ tí ó bá níbẹ̀.
Kò gbọdọ̀ mú àlejò wọ ilẹ̀ láìsọ fún onílẹ̀.
Kò gbọdọ̀ sọ pé onílẹ̀ kọ́ ni ó ni ilẹ̀.

Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ sí mẹ́ta àkọ́kọ́ lè bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀kẹrin kò ní ẹ̀bẹ̀. Ní Alápẹ̀rẹ̀, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Láṣípọ̀ mu ẹmu yó ní ìsìnkú, ó ní ilẹ̀ tí òun ń ro ti di ti òun. Kí oṣù náà tó pé, wọ́n ti ṣí òrùlé rẹ̀. Mo rí i fúnra mi. Ó jókòó sórí odó tí ó dojú dé, òjò sì ń rọ̀ sórí ibùsùn rẹ̀.

Àmúsà mọ ìtàn Láṣípọ̀ jù mí lọ. Nínú ilé tirẹ̀, nínú yàrá ẹ̀yìn, ni wọ́n sin ìyá rẹ̀ sí. Ó fi símẹ́ǹtì rẹ́ ojú oórì náà, ó tẹ́ ẹní sí i, orí rẹ̀ ni ó sì ti ń kírun.

Ní òjò ọdún 1954, Akínṣọwọ́n rí Dágunró mú. Ó so ó mọ́ igi ọsàn kan. Èrò Àmúsà ni pé kí ìkà náà bẹ̀bẹ̀ nínú yàrá kẹfà, kí ìtàn sì parí. Ṣùgbọ́n páálí tí ó gbé wá sọ́dọ̀ mi kí n fi àmì sí kò ní ẹ̀bẹ̀ kankan. Ohun tí ó wà nínú èéfín ẹnu Dágunró ni èyí:

"Akínṣọwọ́n, baba ńlá ọ̀gá rẹ rìn yí ilẹ̀ yìí ká ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ó ní tòun ni. Baba tèmi tẹ̀ ẹ́ fún ọdún méjìlélógójì, ìyá mi sì sùn sínú rẹ̀. Nínú ẹsẹ̀ méjèèjì, èwo ni ilẹ̀ mọ̀?"

Mo fi àmì sí i. Mo tún "méjìlélógójì" kọ, nítorí ó ti gbàgbé àmì kan lórí rẹ̀. Mo dá a padà fún un. N kò gbọ́ ohun tí mo kà.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ náà, awakọ̀ kan sọ̀ kalẹ̀, ó kà á tán, ó sì tún un kà.

"Ọ̀gá Àmúsà, kí ni Akínṣọwọ́n máa wí sí èyí?"

"Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà dé, Àmúsà kò tíì rí ohun tí Akínṣọwọ́n yóò wí. Kí ògiri má baà ṣófo, ó ya Dágunró tí ó ń tún ìbéèrè náà bi í, Akínṣọwọ́n sì ń họ orí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdẹ náà ti fi ìbọn sílẹ̀, ó jókòó sórí gbòǹgbò. Àwọn ènìyàn pọ̀ níwájú ìsọ̀ ju bí wọ́n ti ń pọ̀ rí.

"Akínṣọwọ́n ti yadi o!"

"Ẹ fún un lómi mu, bóyá ọ̀fun rẹ̀ ló gbẹ!"

Arúgbó kan láti Ìkòsí, tí òun náà ń san ìṣákọ́lẹ̀, kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ká ìka mẹ́ta, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹnikẹ́ni rí i, ó sì yára lọ.

Ohun tí arúgbó náà rántí, tí Àmúsà tí ó ti di ọmọ ogun láti kékeré kò rántí, tí èmi tí mo ń pe ara mi ní olùkọ́ kò sì rántí, ni ìlànà ìgbẹ́jọ́ àwọn àgbà ibẹ̀. Bí a bá bi ènìyàn ní ìbéèrè ní gbangba lẹ́ẹ̀mẹta, tí a fún un ní àyè láti fèsì, tí kò sì fèsì kí ìgbà kẹrin tó pé, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ẹni tí ó béèrè ni ó jàre, a kì í sì í tún ọ̀rọ̀ náà gbé dìde mọ́.

Ní ìdájí ọjọ́ Ajé, Sìlífátù, ìyàwó Àmúsà, mú ọwọ̀ láti gbá iwájú ilé. Ó ṣílẹ̀kùn, ó sì tì í padà.

"Bàbá Kúdí, ẹ má jáde."

"Kí ló dé?"

"Ẹ má gba ẹnu ọ̀nà yìí jáde. Ẹ gba ẹ̀yìn."

Màrìwò ọ̀pẹ tútù ni wọ́n ta sí ẹnu ọ̀nà láti òpó kan dé èkejì. Kò sí ẹni tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní Kétu. Ilẹ̀ tí a bá ta màrìwò sí, onílẹ̀ ti fòfin dè é, ẹni tí ó bá sì ré màrìwò náà kọjá ti bá gbogbo ìdílé jà.

Olúrántí ni wọ́n rán wá jíṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ọmọ Bàbá Àyúbà ni, akọ̀wé ní Èkó. Ó fi ọdún márùn-ún kéré sí Àmúsà, ṣùgbọ́n ọmọ onílẹ̀ kì í kéré. Ìsọ̀ ni mo wà nígbà tí ó dé.

"Bàbá ní kí n sọ fún ọ: ó di ọjọ́ Jímọ̀. Kí Akínṣọwọ́n fèsì. Bí kò bá fèsì, kí o di ẹrù rẹ."

"Ọ̀gá Olúrántí, ìtàn lásán ni."

"Ta ló kọ ọ́?"

"Èmi ni mo kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹnu Dágunró ni ó ti jáde."

"Dágunró ló ń gbé ìṣákọ́lẹ̀ wá fún wa?"

Àmúsà gbé búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọdún mélòó ni baba Dágunró tẹ ilẹ̀?" Olúrántí na ọwọ́ sí páálí. "Méjìlélógójì. Baba tìrẹ ńkọ́, ìgbà wo ni wọ́n dé? Ìṣirò kékeré ni, Tíṣà ń gbọ́."

Mo ṣírò rẹ̀. Láti ọdún 1912 sí ọdún 1954. Èmi fúnra mi ni mo fi àmì sórí iye náà.

Àmúsà sọ ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, "N kò ronú rẹ̀. Iye yẹn kàn wá sí mi lọ́wọ́ ni."

"Bàbá tún ní kí o má ṣe pa Dágunró. Ẹni tí a bá pa kí a tó dá a lóhùn, òun náà ló jàre. Ẹ̀san kọ́ ni wọ́n ń fẹ́. Èsì ni wọ́n ń fẹ́."

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba Bàbá Àyúbà pẹ̀lú. Ìdílé bíi mẹ́jọ ni ó ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún wọn láti Kétu dé Ìkòsí, gbogbo wọn ni wọ́n sì ń gba iwájú ògiri yẹn kọjá.

Mo sọ fún Àmúsà pé kí ó má bẹ̀rù. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti fi ń kọ́ ọmọ bí a ti ń dáhùn ìbéèrè, ìdajì wákàtí sì tó láti pa ẹnu ìkà kan tí a fi ọ̀dà yà mọ́. Mo jókòó sí orí àga gíga inú ìsọ̀ rẹ̀, mo yọ bírò mi, mo sì kọ èsì mẹ́rin. Mo ka èkíní fún un.

"Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ilẹ̀ ni ó ni ín."

Ó ronú díẹ̀. "Dágunró yóò ní, 'Ọ̀bọ ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó dé. Ẹ lọ gbé ìṣákọ́lẹ̀ fún ọ̀bọ.'"

"Èkejì. Àdéhùn wà láàárín baba rẹ̀ àti onílẹ̀. Ẹni tí ó bá da àdéhùn, ọ̀dàlẹ̀ ni."

"Yóò ní, 'Baba mi ni ó ṣe àdéhùn. Wọn kò tíì bí mi nígbà náà, kò sì sí ẹni tí ó bi mí léèrè.'"

"Ẹ̀kẹta. Bí olúkúlùkù bá gba ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀, ìlú yóò dàrú."

"Yóò béèrè ẹni tí ìlú tòrò fún báyìí."

Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. "Ṣé ìwọ kọ́ ni ò ń ya Dágunró ni? Pa á lẹ́nu mọ́!"

"Mo ti gbìyànjú, Tíṣà. Bí mo bá kọ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ sí i lẹ́nu, àwọn awakọ̀ yóò mọ̀ pé òun kọ́ ló sọ ọ́."

Ẹ̀kẹrin ni mo gbójú lé jù. "Dágunró ń jó abà. Ó ń sọ ọmọ ọlọ́mọ di ẹni tí ebi ń pa. Ẹni tí ó bá ń hu irú ìwà bẹ́ẹ̀ kò ní ẹnu láti bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀rọ̀."

Àmúsà bẹ̀rẹ̀ sí í fi àkísà nu ọwọ́. Mo rò pé mo ti borí. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ọ́, tí kò wo ojú mi:

"Yóò ní, 'Òótọ́ ni, ìkà ni mí. Ẹ so mí rọ̀ nítorí abà tí mo jó. Ṣé okùn yẹn ni yóò wá dáhùn ìbéèrè mi?'"

Mo ti bírò mi padà sápò. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti na ọmọ nítorí pé kò rí èsì sọ. Mo rántí mẹ́ta nínú wọn lọ́jọ́ náà, mo sì lè dárúkọ wọn.

Ìlú yí ìwà padà sí Àmúsà láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Awakọ̀ tí ó gbé ọkọ̀ sílẹ̀ kí ó kọ orúkọ sí i wá gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ ní àìkọ, ó ní òun ń kánjú. Àwọn tí wọ́n jọ ń san ìṣákọ́lẹ̀ kò kí i mọ́. Ẹnìkan fi ẹrẹ̀ kun ojú Dágunró lórí páálí, ojú kan ṣoṣo tí ó ní nìkan ni kò bò.

Ní ọjọ́rú, mo bá Sìlífátù tí ó ń di ìkòkò sínú aṣọ.

"Ẹ bá mi bi Bàbá Kúdí, Tíṣà. Mo lè di ìkòkò. Mo lè di aṣọ, mo lè di ọ̀dà wọn tí kò jẹ́ ká gbádùn. Ìyá wọn ńkọ́? Ṣé a máa wú wọn ni, àbí a máa fi wọ́n sílẹ̀ fún àjòjì tí yóò gbé ibùsùn lé wọn láyà?"

Àmúsà wà ní yàrá ẹ̀yìn, ó ń gbọ́. Láti ọjọ́ Ajé, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni àwọn ará ilé náà ń gbà wọlé jáde bí olè.

Jímọ̀ dé. Lẹ́yìn ìrun, àwọn ọkùnrin ìdílé náà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Àyúbà. Mọ́kànlá ni wọ́n, mo kà wọ́n. Bàbá Àyúbà, arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ tí ohùn rẹ̀ kì í kọjá ẹnu ọ̀nà, jókòó sí àárín. Àmúsà dọ̀bálẹ̀. Sìlífátù kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Èmi dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

"Tẹ́ ẹ," ni Bàbá wí.

Àmúsà tẹ́ páálí náà sílẹ̀. Yàrá mẹ́fà. Nínú márùn-ún, Dágunró ṣì wà ní ìso mọ́ igi, Akínṣọwọ́n ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nínú ìkẹfà, ọdẹ náà ti la ẹnu. Èéfín ẹnu rẹ̀ tóbi ju gbogbo èyí tí Àmúsà ti yà rí lọ. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀. Funfun báláú ni.

Olúrántí dìde. "Ẹ rí i? Ó tún ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́!"

"Rárá o, Bàbá." Àmúsà kò gbé orí kúrò nílẹ̀. "Ilẹ̀ tiyín ni. Mo sọ ọ́ lójú gbogbo yín: tiyín ni. Ẹnu mi kò tó láti gbèjà rẹ̀. Mo fi àyè sílẹ̀ fún yín. Ohun tí ẹ bá ní kí Akínṣọwọ́n wí ni n óò kọ."

Mo rí i tí èjìká Bàbá Àyúbà rọlẹ̀. Àmúsà ti jẹ́wọ́ onílẹ̀. Lójú òfin ìdílé wọn, kò sí ìdí mọ́ láti lé e. Ṣùgbọ́n páálí ṣì wà nílẹ̀, òfìfo sì wà nínú rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn mọ́kànlá náà sọ ohun kan. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó kọ́kọ́ dé ni. Kó tó jókòó, ẹlòmíràn lẹ́yìn rẹ̀ ti ń rojú, òun náà ti rò ó dé ibi tí èmi àti Àmúsà ti bá ọ̀bọ pàdé. Ẹnìkan mú ti àdéhùn wá. Àmúsà fi ọwọ́ oníka mẹ́rin bo ẹnu ara rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé Dágunró fẹ́ fèsì. Sìlífátù di ẹ̀wù rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn bí ẹni tí ń di ewúrẹ́ mú kí ó má baà já sínú oko olóko.

Gbogbo wọn yíjú sí Bàbá. Ó ti tẹ̀ síwájú lórí àga. Ó ń wo ojú kan ṣoṣo Dágunró.

"Bàbá mi," ni ó bẹ̀rẹ̀, "Bàbá mi sọ fún mi pé..."

Ó dúró. Adìẹ kan wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gba orí páálí kọjá, kò sì sí ẹni tí ó lé e.

"Ká a," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Kò ní í kan ògiri. Ọ̀dọ̀ mi ni yóò wà. O kò gbọdọ̀ ya ìtàn mọ́, Àmúsà. Máa kọ orúkọ sára ọkọ̀. Máa gbé ilé rẹ."

"Títí di ìgbà wo, Bàbá?"

"Máa gbé e."

Wọ́n já màrìwò náà kúrò ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ti rọ. Sìlífátù gbá èyí tí ó já bọ́, kò sì jẹ́ kí Kúdí, ọmọ wọn, fọwọ́ kàn án. Àmúsà fi ẹfun kun ògiri ìsọ̀ rẹ̀. Àwọn awakọ̀ béèrè Akínṣọwọ́n fún oṣù díẹ̀, wọn kò sì béèrè mọ́. Ìṣákọ́lẹ̀ kò dín, kò sì pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n Sìlífátù kò tú ẹrù tí ó dì ní ọjọ́rú náà. Inú aṣọ ni ìkòkò méjì wà fún ọdún márùn-ún.

Bàbá Àyúbà kú ní ọdún 1959. Wọn kò tíì ṣe ogójì ọjọ́ rẹ̀ tán nígbà tí Olúrántí wá sí ìsọ̀ pẹ̀lú páálí tí a ká. Àmúsà rí i láti òkèèrè, búrọ́ọ̀ṣì sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rò pé ìwé ìlénijáde ni.

Páálí àtijọ́ náà ni. Olúrántí ní abẹ́ ẹní Bàbá ni òun ti rí i. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì ọ̀dà, mo sì súnmọ́ ọn láti wò ó. Èéfín ẹnu Akínṣọwọ́n kò funfun mọ́. Ẹnìkan ti fi pẹ́ńsùlù kọ nǹkan sí i, ó sì ti pa á rẹ́. Ó tún kọ òmíràn, ó tún pa á rẹ́, lẹ́ẹ̀kan sí i àti lẹ́ẹ̀kan sí i, títí páálí fi rín ní ibẹ̀, tí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lu. Mo gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Mo rí "nítorí pé" níbi mẹ́ta. N kò rí ohun tí ó tẹ̀lé e.

"Àwọn ará Èkó fẹ́ ra ilẹ̀ láti ibí dé odò," ni Olúrántí wí. Kò pariwo bíi ti tẹ́lẹ̀. "Onídiwọ̀n ilẹ̀ ń bọ̀ ní ọjọ́ Ajé."

Àmúsà béèrè pé, "Ilé mi ńkọ́, Ọ̀gá Olúrántí?"

Olúrántí wo páálí. Ó wo Àmúsà. Ó ká páálí rẹ̀, ó sì lọ láìfèsì. Ìgbà kan nìyẹn. Àmúsà tún lọ béèrè ní ọjọ́ Sátidé, ní ilé Olúrántí, lójú ìyàwó rẹ̀. Ó tún béèrè ní ọjọ́ Àìkú, lójú títì. Olúrántí kò fèsì lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Onídiwọ̀n wá pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n gígùn àti òpó símẹ́ǹtì kéékèèké. Wọ́n ri wọ́n mọ́lẹ̀ láti ẹ̀bá odò wá sí ìhà ọ̀dọ̀ wa. Òpó tí ó kẹ́yìn wà lẹ́yìn ilé Àmúsà, ní ìhà yàrá tí ìyá rẹ̀ sùn sí. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un bóyá ibẹ̀ ni ó parí sí, tàbí bóyá ilẹ̀ ni ó ṣú bá wọn.

Àmúsà wá yá rúlà gígùn ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kejì. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án àti ínṣì mẹ́rin ni ó wà láàárín òpó náà àti ògiri. Láràárọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, kí ó tó ṣí ìsọ̀, ó máa ń jáde láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì máa ń wọ̀n ọ́n bóyá òpó náà ti sún mọ́ ilé. Mo ti wà níbẹ̀ rí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó ń wọ̀n ọ́n.

Kò dá rúlà náà padà fún mi, èmi náà kò sì béèrè rẹ̀.